Ibi tí a ti rí àbùùbùtán kọ́ ló ti ń jẹun

Iwájú ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, tí mò ń retí kí wọ́n fi irin tú páálí òkú Èkó tó dì gbagidi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣáájú mi débẹ̀ na fóònù rẹ̀ sí wa pé ká wá wo nǹkan. Fídíò ni. Òkú àbùùbùtán ńlá kan ló nà gbalaja sí etí òkun l'Ékòó, èrò pé jọ yí i ká, àwọn kan ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

Bàbá kan tó wá ra pánlá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n wo fídíò náà tán, wọ́n ní, "Ebi ló gbé e wá. Oúnjẹ ló ń wá bọ̀ lọ́dọ̀ wa." Ìyá ẹlẹ́ja ní rárá o: "Nínú òkun tó kún fún ẹja, bàbá? Ebi wo ló fẹ́ pa á níbẹ̀? Bó bá ṣáà ti la ẹnu, ẹja á wọlé." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọ̀nà ló ṣì í. Wọ́n wá rántí pé ẹ̀kọ́ nípa ẹran àti ewéko ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ dá sí i."

Mo dá sí i, ṣùgbọ́n àárín ọjà kọ́ ni èèyàn ti ń ṣàlàyé délẹ̀. Èyí tí mi ò ráyè sọ ni mo kó síbí.

Ká tètè mú ti orúkọ kúrò ńlẹ̀. Gbogbo wa ń pe àbùùbùtán ní ẹja, kì í sì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, ó ń lóyún, ó ń bímọ, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn tó kọ́kọ́ tú Bíbélì sí Yorùbá ò pè é ní ẹja ní Jẹ́nẹ́sísì. "Erinmi ńláńlá" ni wọ́n kọ, wọ́n sì sún mọ́ òótọ́ ju bí àwọn fúnra wọn ṣe lè mọ̀ lọ. Nínú gbogbo ẹran tó ṣì wà láàyè lónìí, erinmi ló bá àbùùbùtán tan jù. Ẹgbẹ́ ẹran òkun tó ń fọ́mọ lọ́mú gbòòrò: dólífììnì wà níbẹ̀, síìlì tó ń sùn sórí yìnyín wà níbẹ̀, kìnnìún òkun wà níbẹ̀, mánátì tó ń jẹ koríko nínú odò Ọya àti nínú ọ̀sà tiwa náà wà níbẹ̀.

Ohun méjì péré ni kí ẹ fi sọ́kàn, ìyókù á yé yín. Ẹran òkun tó ń fọ́mọ lọ́mú kò lè ṣe kó má wá sókè wá mí. Ẹyẹ òkun náà kò lè ṣe kó má wá sórí ilẹ̀ tàbí orí yìnyín wá yé ẹyin, torí ẹyin kì í léfòó. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ igi ni àwọn méjèèjì. Okùn ọ̀kan so ó mọ́ ojú omi, okùn èkejì so ó mọ́ ìtẹ́, ibi tí okùn bá gùn dé ni kálukú ń jẹ dé.

Ìyá ẹlẹ́ja ló ṣìnà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àṣìṣe tiwọn ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín àwa tí a kì í gbé etí òkun. Lóòótọ́, òkun gba nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 ojú ayé. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí aṣálẹ̀. Omi tó dúdú bí aró, tó mọ́ gaara tí èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò, tí gbogbo wa ń pè ní ẹlẹ́wà, ohun tó jẹ́ kó mọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé nǹkan kan ò fi bẹ́ẹ̀ hù nínú rẹ̀. Omi tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé, ó sì máa ń rú.

Ẹ wo ògì tí a sẹ́ sínú ike. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, omidùn á ti lé sókè, ògì gangan á ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Òkun náà ń silẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oríṣun oúnjẹ gbogbo tó wà níbẹ̀ ni àwọn ewéko tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n ń léfòó níbi tí oòrùn ń tàn dé, ìyẹn bí 200 mítà láti òkè. Oòrùn nìkan ò tó wọn, wọ́n fẹ́ ajílẹ̀. Ajílẹ̀ ọ̀hún sì ni ìgbẹ́ àti òkú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, èyí tí kò dẹ́kun rírì lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn. Oòrùn wà lókè, ajílẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àfi kí nǹkan kan ro ìkòkò náà.

Atẹ́gùn ló ń rò ó. Ní àwọn etíkun kan, atẹ́gùn máa ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ lọ, yíyí tí ayé ń yí sì máa ń ti omi òkè kúrò ní etí ilẹ̀ lọ sí àárín agbami. Àyè kì í ṣófo: omi tútù láti ìsàlẹ̀ á gòkè wá dípò rẹ̀ tòun ti ajílẹ̀ tó gbé dání. Àwọn ibi mẹ́rin tí èyí ti lágbára jù láyé ni etíkun Pérù, ti California, ti Mòrókò títí dé Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà, àti ti Nàmíbíà títí wọ Gúúsù Áfíríkà. Lẹ́bàá wa níbí, ó ń ṣẹlẹ̀ létí òkun Gánà àti Côte d'Ivoire láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Omi á tutù, ṣáwá á sì pọ̀. Ní apá àríwá Àtìláńtíìkì, ìjì ìgbà òtútù ló máa ń ro tiwọn.

Tí ẹ bá tún lọ ra òkú Èkó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ ó rí Nọ́wè, Netherlands, Ireland. Ọkọ̀ apẹja ti wá ibi tí wọ́n ti ro ògì òkun lọ. Ẹyẹ òkun ti débẹ̀ ṣáájú wọn, àbùùbùtán náà ti débẹ̀. Gbogbo ìyókù òkun, ọ̀nà lásán ni wọ́n kà á sí.

Ọ̀rọ̀ bàbá wa wá kàn.

Irú àbùùbùtán kan wà tí apá rẹ̀ gùn gọgọrọ, tó máa ń fò jáde látinú omi, tí akọ rẹ̀ máa ń kọrin. Humpback ni Òyìnbó ń pè é. Àwọn tó ń wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, gúúsù pátápátá ni ilé oúnjẹ wọn wà, nínú omi yìnyín tó yí Antarctica ká. Krill ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Krill jọ edé, kì í sì í gùn ju bí 6 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pé jọ tó fi jẹ́ pé omi á pọ́n. Tí ìgbà òtútù ibẹ̀ bá wọlé, wọ́n á gbéra, wọ́n á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà wá sí omi Gàbọ́ọ̀nù, São Tomé, Bìnì tó jẹ́ orílẹ̀-èdè, Tógò, Gánà àti tiwa. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń wà níbí.

Wọn ò wá jẹun. Wọ́n wá gùn, wọ́n sì wá bímọ. Ọ̀rá tí wọ́n ti kó sára láti gúúsù ni wọ́n ń ná. Àwẹ̀ ni wọ́n ń gbà, abiyamọ wọn ń gbààwẹ̀ náà, ó sì tún ń fọ́mọ lọ́mú. Nítorí náà bàbá gba ìdajì máàkì: ó ṣeé ṣe kí ebi ti máa pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ́ ni ó wá wá. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Àwọn kan ní ọmọ tuntun ò tíì ní ọ̀rá tó lè gbé e nínú omi yìnyín. Àwọn mìíràn ní torí orca ni, ẹran dúdú-funfun tó ń pa ọmọ àbùùbùtán jẹ, tí kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Èmi ò rí ìdí tí méjèèjì ò fi lè jẹ́ òótọ́.

Ohun kan tún wà tí fídíò ọ̀hún ò lè sọ fún wa. Òkú ni wọ́n rí. Ẹran tó kú sójú agbami, ìṣàn omi á máa gbé e kiri fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó dà á sí etí òkun. Èèyàn ò lè ti ibi tí òkú gúnlẹ̀ sí mọ ibi tí alààyè ń lọ.

Kí n tó kúrò lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá ìyá ẹlẹ́ja lóhùn lórí "bó bá ṣáà ti la ẹnu". Àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù, tó tóbi ju gbogbo ẹran tó wà láyé lọ, tó lè gùn tó 30 mítà, krill náà ló ń jẹ. Kò ní eyín. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: á sáré, á la ẹnu, omi àti krill á rọ́ wọlé, á ti omi jáde, krill á há sínú asẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi hàn pé irú rẹ̀ kan lè jẹ tó tọ́ọ̀nù 16 lóòjọ́ tó bá dé ibi tó dára. Ṣùgbọ́n lílà ẹnu ọ̀hún, iṣẹ́ agbára ni. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń sáré, tó wá ṣí agboòrùn sí ojú ìjì. Tí krill ò bá ki pọ̀ níbẹ̀, èrè rẹ̀ ò ní tó agbára tó ná. Ìdí nìyí tí ẹran tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò fi lè máa jẹ nǹkan kéékèèké káàkiri. Àfi ibi tí oúnjẹ ti ṣù pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹyẹ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Àwọn bàbá wa tó ń dáko mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín oko etílé àti oko ẹgàn. Oko etílé kò jìnnà, àárọ̀ lọ àárọ̀ bọ̀ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ti ro ó, ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ẹni tó fẹ́ iṣu ńlá á rìn jìnnà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bá ẹyẹ tó ń tọ́mọ lórí erékùṣù. Láàárín 1957 sí 1959, Philip Ashmole wà lára àwọn onímọ̀ tó lọ gbé Ascension, erékùṣù kékeré kan láàárín Áfíríkà àti Bùràsíìlì, tí ẹyẹ òkun kún bámúbámú. Ní 1963 ó kọ ọ́ pé bí ẹyẹ bá ṣe pọ̀ tó lórí erékùṣù ni wọ́n á ṣe jẹ ẹja ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ run tó, tí wọ́n á fi máa fò jìnnà sí i, títí ọ̀nà á fi jìn jù fún wọn láti bọ́ ọmọ. Àbá lásán ni fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, torí ta ló fẹ́ ka ẹja òkun? Ní 2021 ni àwọn kan tó wọn omi Ascension kan náà fi hàn pé òótọ́ ni: ẹja tó ń fò, tí àwọn ẹyẹ náà ń jẹ, ti dín kù lójú omi ju 150 kìlómítà lọ sí erékùṣù náà. Ilẹ̀ etílé ti ṣá.

Ọ̀kan tún wà tó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Gannet jẹ́ ẹyẹ funfun ńlá tó máa ń já wálẹ̀ láti òkè bí òkò sínú omi. Wọ́n máa ń tẹ́ ìtẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sórí àpáta létí òkun Bìrìtéènì àti Ireland. Ní 2013, àwọn tó so ẹ̀rọ mọ́ nǹkan bí 200 nínú wọn, láti ìlú ẹyẹ 12, gbé àbájáde wọn jáde. Ẹyẹ ìlú kan kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun lójú omi ìlú kejì. Kò sí pèrègún lójú ààlà, wọn kì í sì í jà sí i. Ìṣirò ọ̀nà jíjìn ló pààlà fún wọn: ẹyẹ tó bá wọ omi àwọn ẹlòmíràn á bá a pé àwọn tó sún mọ́ ibẹ̀ ti jẹ ẹ́ kù, ìnáwó ọ̀nà ò sì ní jẹ́ kó padà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà sì jọ pé wọ́n ń kọ́ ọ̀nà lára àgbà.

Okùn gbogbo ẹyẹ kò gùn dọ́gba. Albatross ni tirẹ̀ gùn jù. Apá rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà 3.5 láti ṣóńṣó kan dé èkejì, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jù ú. Atẹ́gùn ló ń gùn bí ẹni gun ẹṣin. Ní 1990 ni àwọn ará Faransé méjì, Jouventin àti Weimerskirch, kọ́kọ́ tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n fi sátẹ́láìtì tọpa rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó tàbí ọkọ ń sàba, èkejì máa ń rin 3,600 sí 15,000 kìlómítà kó tó padà wálé. Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn o. Kí ẹ tó rin èyí tó gùn jù níbẹ̀ láti Òṣogbo sí Èkó, lọ àti bọ̀, á tó bí ọgbọ̀n ìgbà.

Tí ọmọ bá ti fò kúrò nínú ìtẹ́, okùn já nìyẹn, máàpù ẹyẹ náà á yí padà pátápátá. Arctic tern, ẹyẹ tí kò wúwo ju bí 100 gíráàmù lọ, ń ti àríwá ayé lọ sí gúúsù ayé lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ tó wúwo ní gíráàmù 1.4 ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìwádìí náà jáde ní 2010: 70,900 kìlómítà lọ́dún, bí a bá pín in dọ́gba. Wọ́n máa ń dúró jẹun fún bí oṣù kan láàárín àríwá Àtìláńtíìkì kí wọ́n tó tẹ̀síwájú, lẹ́yìn náà àwọn kan á gba etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa kọjá, àwọn kan á sọdá sí Bùràsíìlì. Ẹni tó bá rí wọn lójú omi wa tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ibí ni wọ́n ń gbé" ti ṣi ìwé kọ. Èrò ọ̀nà ni wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí oúnjẹ wà nínú omi tí kò ní àmì? Imú wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹyẹ kì í gbóòórùn, ṣùgbọ́n ní 1995 onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gabrielle Nevitt fi hàn pé àwọn ìbátan albatross ń tọ òórùn kan lọ, òórùn tó máa ń jáde nígbà tí irú edé wọ̀nyẹn bá ń jẹ ewéko tín-ín-tìn-ín. Bí òórùn àkàrà ni: kì í ṣe pé ẹ̀wà wà níbì kan ló ń sọ fún ẹ, ó ń sọ pé ẹnì kan ti gbé epo kaná. Ojú náà wà níbẹ̀. Ẹyẹ kan á rí i tí èkejì já sómi lọ́ọ̀ọ́kán, á tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn á rí òun náà, kó tó pẹ́ gbogbo wọn ti dé.

Àwọn kan sì ń ṣe bíi lékeléke. Gbogbo ọmọdé Òṣogbo tó ti na èékánná sí lékeléke rí ló mọ̀ pé ẹ̀yìn màlúù ni wọ́n ń wà, torí ẹsẹ̀ màlúù ló ń lé tata jáde nínú koríko. Ní òkun ilẹ̀ olóoru, màlúù ibẹ̀ ni ẹja túnà àti dólífììnì. Wọ́n á lé ẹja kéékèèké láti ìsàlẹ̀, ẹja wọ̀nyí á sá lọ sókè, ẹyẹ tí kò lè rì wọ inú omi á sì máa ṣà wọ́n. Bí túnà bá tán níbẹ̀, ebi á pa ẹyẹ tí kò jẹ túnà rí. Frigatebird tiẹ̀ burú ju lékeléke lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ kì í gba omi dúró, kò lè bà sórí òkun, torí náà yàtọ̀ sí ẹja tó ń fi ẹnu já gbà lójú omi, ó tún máa ń dá ẹyẹ mìíràn lọ́nà, á fà á ní ìrù títí ẹyẹ ọ̀hún á fi pọ ohun tó gbé mì. Agbèrò ojú ọ̀run.

Gbogbo èyí, òkè omi ni. Máàpù kì í fi ìsàlẹ̀ hàn, ibẹ̀ ló sì ti ń da àwọn èèyàn lójú rú jù. Ní alaalẹ́, àìmọye ẹran kéékèèké máa ń gòkè láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà nísàlẹ̀ wá jẹun lábẹ́ òkùnkùn, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún rì padà. Ojú kan náà tó ṣófo lọ́sàn-án lè kún lóru. Ẹran tó bá fẹ́ wọn lọ́sàn-án, ó di dandan kó lọ bá wọn nílé. Pẹ́ńgúìnì ńlá ti Antarctica, ẹyẹ tí kì í fò, lè rì ju 500 mítà lọ. Àbùùbùtán kan tí wọ́n ń pè ní Cuvier ló ṣe jù: ọ̀kan rì dé 2,992 mítà, òmíràn sì wà lábẹ́ omi fún 222 ìṣẹ́jú láìmí, bọ́ọ̀lù méjì odindi àti àfikún. Ẹ̀dọ̀fóró kọ́ ni wọ́n ń gbọ́kàn lé. Inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ni wọ́n ń kó afẹ́fẹ́ pa mọ́ sí, débi tí ẹran ara wọn fi dúdú bí ẹ̀dọ̀, ọkàn wọn á sì máa lù díẹ̀díẹ̀. Okùn tí mo sọ níṣàájú nìyí: ó gùn, ṣùgbọ́n òkè ló ti so.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí bí wọ́n ṣe mọ gbogbo èyí. Ẹ̀rọ kékeré ni. Ti síìlì onímú-bí-erin, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ irun orí rẹ̀. Tó bá pa irun dà, ẹ̀rọ á já bọ́. Ẹ̀rọ náà ń wọn ìjìn, ìtutù omi àti iyọ̀ rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì nígbà tí ẹran bá wá mí. Abẹ́ yìnyín Antarctica tí ọkọ̀ ò lè wọ̀ nígbà òtútù, síìlì ló ń bá ẹ̀dá èèyàn wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìlà tí ẹ̀rọ bá fà sórí máàpù rọrùn. Ẹ dúró sí Station Road kẹ́ ẹ máa wo àwọn tó ń kọjá. Ẹni tó ń lọ síbi tó jìnnà á rìn tààrà, kíákíá. Ẹni tó dé ìsọ̀ aláta á falẹ̀, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, á padà sẹ́yìn. Bí ìlà ẹran òkun bá lọ tààrà, ìrìnàjò ni. Bó bá ń yí kiri lójú kan, ó ń wá oúnjẹ, tàbí kó ti rí i. Ẹni tó bá fi gbogbo ìlà náà pe ibi ìjẹun ti sọ òpópónà di ọjà.

Àwa ará Òṣogbo kọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ wíwá ohun tí a ó jẹ tàbí mu ṣe àjèjì sí. Òùngbẹ ló lé Láròóyè àti Ọlútìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, wọ́n tọ àmì omi títí wọ́n fi dé Ọ̀ṣun, oyè ọba wa títí dòní sì ń sọ pé ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ọdẹ tó mọ àmì ló tẹ ìlú dó. Ṣùgbọ́n ká ní àmì wà ńkọ́, tí omi ti gbẹ?

Ohun tó ṣe pẹ́ńgúìnì Áfíríkà nìyẹn. Ìtẹ́ rẹ̀ wà ní Gúúsù Áfíríkà àti Nàmíbíà. Ọmọ rẹ̀ tó bá kọ́kọ́ wọ òkun, kò sí ẹni tó ń mú un lọ́wọ́. Omi tútù tí ewéko tín-ín-tìn-ín pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń wá, torí láyé àwọn baba rẹ̀, níbi tí ìyẹn bá wà ni ẹja sàdíìnì wà. Ní etíkun Nàmíbíà, àwọn ọkọ̀ apẹja ti kó sàdíìnì ibẹ̀ tán láàárín ọdún 1960 sí 1980. Omi ṣì tutù, ewéko ṣì wà, jẹ́lífíṣì àti ẹja tí kò lọ́ràá ló gba ipò sàdíìnì. Ìwádìí tó jáde ní 2017, tí wọ́n ti tọpa àwọn ọ̀dọ́ pẹ́ńgúìnì, fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń kú sí. Òórùn àkàrà ṣì ń ta, kò sí àkàrà lórí iná. Ní 2024 wọ́n kọ pẹ́ńgúìnì yìí mọ́ àwọn ẹran tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ pátápátá. Iye tó ń tẹ́ ìtẹ́ kò pé tọkọtaya 10,000 mọ́.

Àmì èké tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, àwa la ń ṣe é. Ní 2016, àwọn kan ju ike sínú òkun, wọ́n yọ ọ́ kó tó pé oṣù kan, wọ́n wá rí i pé ó ti ń rùn bí òórùn tí Nevitt sọ gẹ́lẹ́, torí ewéko tín-ín-tìn-ín ti bò ó. Imú tó ń darí ẹyẹ sídìí krill ló ń darí rẹ̀ sídìí ike. Odò Ọ̀ṣun tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, ọ̀sà apá Lẹ́kì ló ń ṣàn lọ, láti ibẹ̀ sí òkun. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tó bá bọ́ sínú gọ́tà nígbà òjò mọ ọ̀nà yẹn dáadáa.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí lọ́jọ́ náà kí páálí tó tú. Ìyá ẹlẹ́ja ka kòtè mẹ́ta sínú ọ̀rá dúdú fún mi, wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n tún mú ọ̀rá náà padà, wọ́n ní kí n lọ gba abọ́ lọ́wọ́ aláta ẹ̀gbẹ́ wọn. Bàbá tó ra pánlá ò tíì lọ. Wọ́n bi mí pé oṣù wo ni mo ní àwọn àbùùbùtán yẹn máa ń wá bímọ lójú omi wa.

Mo ní láti oṣù Keje lọ ni, ṣùgbọ́n inú oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ni ẹ lè máa retí wọn jù.

Bàbá bojú wẹ̀yìn, wọ́n wo ọ̀nà tó lọ sí ojúbọ. "Oṣù Kẹjọ," wọ́n ní. "Nígbà tí a bá ń ṣọdún Ọ̀ṣun nìyẹn. Ta ló wá sọ pé ọ̀nà ló ṣì í?"